Ìyẹ̀fun Tó Kúnná Jù

Nígbà tí mo ń kúrò ní Tópò, ohun tí gbogbo ará ilé mọ̀ ni pé mo ń lọ kọ́ iṣẹ́ iná mànàmáná nílùú òyìnbó. Gẹ̀ẹ́sì ló ń ṣèjọba lé wa lórí nígbà náà, ẹni tó bá sì ti ọ̀dọ̀ wọn kọ́ṣẹ́ bọ̀, òun náà di ọ̀gá. Ìyá mi, ọmọ Ìwòrò tí wọ́n fẹ́ wá sí Tópò, ti sọ fún gbogbo etí ọ̀sà pé bí mo bá fi lè dé, n óò tan iná láti Àgbádárìgì títí dé Ajído, ẹja inú omi pàápàá á máa rí ọ̀nà.

N kò ní sọ ti ìrìn àjò ojú omi náà. Èmi tí wọ́n bí sí erékùṣù, tí mo ti ń wa ọkọ̀ kí n tó mọ ṣòkòtò wọ̀, èébì ni mo fi bẹ̀rẹ̀, èébì ni mo fi parí. Ó tán.

Ìlú tí mo dé sí kì í ṣe Lọ́ńdọ̀nù. Ìlú àwọn amọ̀kòkò ni, èéfín ilé ìsunkòkò bò ó bí aṣọ. Òtútù ni gbogbo èèyàn fi dẹ́rù bà mí kí n tó lọ, ṣùgbọ́n òtútù kọ́ ló kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu. Ìkíni ni. Ní àárọ̀ àkọ́kọ́, mo kí gbogbo ẹni tí mo bá pàdé láti ẹnu ọ̀nà ilé títí dé ibi tí wọ́n ti ń wọ bọ́ọ̀sì. Àwọn kan tọwọ́ bọ àpò wọn wò bóyá nǹkan ti sọ nù. Ajá obìnrin kan dá mi lóhùn, obìnrin náà fúnra rẹ̀ kò dá mi lóhùn. Nígbà tí mo dé ìkóríta, ọlọ́pàá kan rọra wá bá mi.

"Ṣé ẹnì kan lò ń wá?"

"Rárá, sà. Mò ń kí wọn ni."

"Ta lò ń kí?"

"Gbogbo wọn."

Ó wo òkè títì, ó wo ìsàlẹ̀ títì, ó ronú díẹ̀. "Ó dáa," ó ní, "ṣùgbọ́n máa ṣe é díẹ̀díẹ̀."

Ilé-iṣẹ́ tó gbà mí ti fìgbà kan rí jẹ́ ti àwọn tó ń ṣe abọ́ àti ife, kí wọ́n tó yà sídìí nǹkan inú rédíò. Wọ́n gbà pé bí mo bá ń ṣiṣẹ́ fún wọn lọ́sàn-án, àwọn á jẹ́ kí n máa lọ sílé-ẹ̀kọ́ ní ìrọ̀lẹ́ lábẹ́ orúkọ wọn. Mo sọ fún wọn pé iṣẹ́ iná ni mo fẹ́. Wọ́n mú mi wọ yàrá kan tí àgbá irin ńlá kan ti ń yí gbirigbiri. Ẹni tó ń tọ́jú àgbá náà ni Ọ̀gá Álìfù, bàbá kúkúrú kan tí irun imú rẹ̀ àti irun ètè rẹ̀ ti pàdé.

"Iṣẹ́ iná ni mo bá wá, sà," ni mo wí.

Ó fọwọ́ lu àgbá náà bí ẹni ń lu ẹ̀yìn màlúù. "Inú ibí yìí ni iná ti ń bẹ̀rẹ̀."

Ìyẹ̀fun funfun ló wà nínú àgbá náà. Kì í ṣe ohun jíjẹ. Ìpẹtà irin ni, ìpẹtà tó funfun dípò kó pọ́n: irin méjì tí iná àti afẹ́fẹ́ ti sọ di erùpẹ̀ kan. Wọ́n da àwọn òkúta róbótó mọ́ ọn. Bí àgbá bá ti ń yí, àwọn òkúta náà á máa já lu ìyẹ̀fun, wọ́n á máa lọ̀ ọ́. Tó bá kúnná, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, kò ní tó kọ́bọ̀, wọ́n á sun ún bí ìkòkò, wọ́n á fi fàdákà kun ojú rẹ̀ méjèèjì. Kòǹdẹ́ńsà ni wọ́n ń pè é. Ó máa ń gba iná pa mọ́ fúngbà díẹ̀, á sì dá a padà, bí àmù ṣe ń ṣe sí omi. Rédíò tí kò bá ní i, híhó ni á máa hó bí òjò lórí páànù.

Mo dúró níwájú àgbá, ọ̀rọ̀ náà sì wọ̀ mí lára wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́: mo kọjá òkun wá lọ nǹkan. Nílé wa, obìnrin ló ń lọ nǹkan. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, n kò fọwọ́ kan ọlọ ìyá mi rí, àfi ìgbà tí mo fẹ́ fi pa àkàn.

Ọ̀gá Álìfù bi mí léèrè orúkọ. Mo sọ ọ́. Ó gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó bi mí pé ibo ni mo ti wá. Mo ní Tópò. "Tópò," ó ní, inú rẹ̀ sì dùn, "èyí yẹn ṣeé pè." Bó ṣe di orúkọ mi nìyẹn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo kan ilẹ̀kùn ilé tí mo ń gbé. Ìyáàfin Bẹ́tì, onílé mi, ló ṣílẹ̀kùn. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ìyẹ̀fun ti bò mí láti irun dé ìpéǹpéjú.

"Ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó ń gbé ibí kò tíì dé," ó ní.

"Èmi náà ni, mà."

"Ó máa dé láìpẹ́. Ṣé kí n bá ẹ jíṣẹ́ fún un?"

Òjò ló ràn mí lọ́wọ́. Bó ti ń rọ̀ sí mi lórí, bẹ́ẹ̀ ni mo ń farahàn díẹ̀díẹ̀. Obìnrin náà di férémù ilẹ̀kùn mú títí mo fi parí dídúdú.

Ọ̀gá Álìfù kò ní ìyàwó, kò ní ọmọ. Àgbá yẹn ló ń bá sọ̀rọ̀. Ní àárọ̀, á bi í bóyá ó sùn dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí i pé bàtà mi ń mu omi, ó gbé ìbọ̀sẹ̀ òwú méjì wá fún mi láìwo ojú mi, ó sì gbé kóòtù kan tẹ̀ lé e, èyí tó gùn fún òun tó sì kúrú fún mi. Lọ́sàn-án, àwọn òṣìṣẹ́ yòókù a máa jókòó lápá kan. Òun a máa gbé búrẹ́dì rẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Tó bá sọ̀rọ̀, ti bí ìyẹ̀fun ṣe yẹ kó kúnná ni.

Ọjọ́ Àìkú ló máa ń nira jù. Gbogbo ìlú á ti ilẹ̀kùn, á dákẹ́. Ní Tópò, ọ̀sà wà níwájú, òkun wà lẹ́yìn, òkun kì í sì í dákẹ́ lọ́sàn-án tàbí lóru. N kò gbọ́ ọ rí nígbà tí mo wà nílé. Ìgbà tí mo dé ibi tí kò sí ni mo tó mọ̀ pé mo ti ń gbọ́ ọ láti kékeré. Ó ya èmi fúnra mi lẹ́nu pé nínú gbogbo ohun tí mo fi sílẹ̀, ẹja tútù, omi àgbọn, ohùn àwọn àbúrò mi, ariwo ni àárò rẹ̀ ń sọ mí jù. Nígbà míì, n óò jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, n óò máa retí ọjọ́ Ajé kí n lè lọ gbọ́ àgbá Ọ̀gá Álìfù. Òun ló jọ òkun jù.

Àbúrò bàbá mi, tí a ń pè ní Bàbá Kékeré, ń ṣiṣẹ́ nílé ìfìwéránṣẹ́ l'Ékòó. Òun ló wá ọ̀nà tí ìyá mi fi lè bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ìyá mi wọ ọkọ̀ láti Tópò, ó gba ojú ọ̀sà dé Èkó nítorí ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú díẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ tèmi, Ìyáàfin Bẹ́tì ká aṣọ òwú tó fi ń bo fóònù rẹ̀ kúrò, ó sì jókòó tì mí bí ẹlẹ́rìí.

Ìyá mi kí mi. Ó kí mi kú òtútù, kú iṣẹ́, kú ìdáwà. Ó béèrè àlàáfíà onílé mi àti ti ajá tí mo sọ nínú lẹ́tà. Ìkíni jẹ ìṣẹ́jú wa fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

"Iṣẹ́ wo wá lò ń ṣe báyìí?" ó bi mí.

"Ìyá, mò ń lọ òkúta," ni mo wí.

Ṣùgbọ́n bí mo ti ní "mò ń lọ," fóònù náà hó gbuuru, ó gbé "òkúta" mì.

"O ń lọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mò ń lọ..." ó tún hó.

"O ń lọ síbo?"

Ibẹ̀ ni wọ́n ti já a. Mo di fóònù mú, mò ń pariwo "òkúta, òkúta" sínú rẹ̀. Ìyáàfin Bẹ́tì rọra gbà á lọ́wọ́ mi, ó fi aṣọ rẹ̀ bò ó padà.

Lẹ́tà Bàbá Kékeré dé lẹ́yìn náà. Ó ní ìyá mi ti gbé e délé pé ọmọ òun dágbére. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti dà sílẹ̀ ní etí ọ̀sà, kò sẹ́ni tó lè kó o. Àwọn kan ní Amẹ́ríkà ni mò ń lọ. Àwọn kan ní àìsàn ló ń ṣe mí, ọ̀nà ọ̀run ni mo ní mò ń lọ. Ní ìjọ Kátólíìkì tó wà ní Tópò, wọ́n ti ń gbàdúrà fún mi, ẹgbẹ́ àwọn apẹja sì ti dáwó àbẹ́là. Mo kọ̀wé kíákíá, mo ṣàlàyé ọlọ, mo ṣàlàyé àgbá, mo ya àwòrán méjèèjì. Wọ́n kà á fún ìyá mi. Ó ní ẹnikẹ́ni ló lè kọ̀wé, pé ohùn mi lòun fẹ́ gbọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ilé dé nìyẹn nígbà tí ti ìyẹ̀fun náà bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀gá Kúpà ni ọ̀gá àgbà wa. Òun ló ń wọn bí kòǹdẹ́ńsà kọ̀ọ̀kan ṣe ń gba iná sí. Ọ̀gá Álìfù ti dábàá pé kí a jẹ́ kí àgbá pẹ́ díẹ̀ sí i lórí yíyí. A ṣe é. Ìyẹ̀fun kúnná sí i, kòǹdẹ́ńsà sì gba iná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀gá Kúpà wá sí yàrá wa fúnra rẹ̀, ó bọ Ọ̀gá Álìfù lọ́wọ́ lójú gbogbo èèyàn. Láti ọjọ́ náà, bàbá yẹn kò sùn dáadáa mọ́. Ó ń sọ ọ́ káàkiri pé ìyẹ̀fun kì í kúnná jù.

Nígbà tí ó di ọ̀sẹ̀ ìsinmi, tí gbogbo ilé-iṣẹ́ máa ń tì, iṣẹ́ mi ni láti pa àgbá kí n tó lọ. Mo na ọwọ́ sí i, Ọ̀gá Álìfù dá mi dúró.

"Máa lọ, Tópò. Èmi á pa á."

Mo lọ. Nígbà tí a wọlé padà, àgbá ń yí. Ó ti ń yí láti ọjọ́ tí a ti lọ. Ọdẹ ilé-iṣẹ́ gbọ́ ọ, ó rò pé wọ́n ní kó máa yí ni, ó sì jẹ́wọ́ pé ariwo rẹ̀ máa ń jẹ́ kí òun sùn. Ọ̀gá Álìfù sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Wàá rí ojú Kúpà."

Ó ṣí ìdérí àgbá. Ìyẹ̀fun náà kò dúró kí a bù ú. Fúnra rẹ̀ ló dìde, bí èéfín, ó bò wá méjèèjì, ó rọ́ gba ẹnu ọ̀nà jáde. Ọ̀gá Álìfù sín, ọ̀pọ̀ rẹ̀ tún fò sókè. Obìnrin tó ń gbé tíì bọ̀ pàdé ìyẹ̀fun náà ní ọ̀nà, ó gbé tíì rẹ̀, ó padà. Àwọn òkúta tó tóbi bí ẹyin ti kéré bí èkùrọ́, kò sì sẹ́ni tó bi ara rẹ̀ pé níbo ni ìyókù wọn lọ.

A tẹ̀ ẹ́, a sun ún. Àwọn kòǹdẹ́ńsà tó jáde lẹ́wà, wọ́n ń dán bí eyín ọmọdé. Ọ̀gá Kúpà gbé wọn sórí ẹ̀rọ ìwọn rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má mira. Ó fi ọ̀kan sínú rédíò. Rédíò náà tú hìn-ín, ó dákẹ́. Iṣẹ́ tí àwọn oníbàárà ń dúró dè ti bàjẹ́.

Ó pe èmi àti Ọ̀gá Álìfù sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ kan tó máa ń ya fọ́tò inú ìyẹ̀fun, irú èyí tí wọ́n fi ń wo egungun ní ọsibítù. Ó gbé fọ́tò méjì sí ojú fèrèsé. Lórí èkíní, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ló wà níbẹ̀, àwọn míì jẹ́ méjì-méjì bí ìbejì. Lórí èkejì, àwọn ìlà náà ti wú, wọ́n ti ràn bí yíǹkì tí omi kán sí, àwọn ìbejì sì ti di ẹnì kan.

"Nínú ẹyọ ìyẹ̀fun kọ̀ọ̀kan," ó ní, "gbogbo nǹkan tò bí ilé tí wọ́n fi okùn wọ̀n. Ilé kọ̀ọ̀kan tẹ̀ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Títẹ̀ yẹn ló ń jẹ́ kó gba iná. Ẹ lọ̀ ọ́ níwọ̀n, ó dára. Èyí, ẹ lọ̀ ọ́ títí ilé wó. Èyí tí kò wó ti nà tọ́ọ́rọ́, kò rántí ẹ̀gbẹ́ tó tẹ̀ sí mọ́. Àwọn òkúta yín sì ti lọ ara wọn mọ́ ọn."

Mo ń wo fọ́tò náà, ọkàn mi sì ti lọ síbòmíràn. Mo rántí pé n kò kí ẹnikẹ́ni láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, àti láàárọ̀ tó ṣáájú rẹ̀. Èmi náà ti ń kúnná. Mo ń bi ara mi pé ṣé mo ṣì tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Iṣẹ́ ta ni láti pa àgbá?" Ọ̀gá Kúpà béèrè.

"Iṣẹ́ mi ni, sà."

"Ṣé o pa á?"

Mo wo Ọ̀gá Álìfù. Ó ń wo bàtà rẹ̀. Mo mọ̀ pé bí mo bá ní mi ò pa á, ilé-ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ ti lọ nìyẹn, bóyá iṣẹ́ pẹ̀lú. Bí mo bá sì sọ ẹni tó ní òun á pa á, ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ló wà lẹ́sẹ̀ mi. Ọ̀gá Kúpà mí kanlẹ̀, ó ní, "Tópò, ọ̀rọ̀ yìí kò dáa fún ọ."

Fóònù orí tábìlì rẹ̀ dún.

Ó gbé e. "Haló," ó ní. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ló gbé e jìnnà sí etí rẹ̀. Láti ibi tí mo dúró sí ni mo ti ń gbọ́ ohùn ìyá mi.

"Haló kọ́ ni mo bá wá. Ọmọ mi dà?"

Bàbá Kékeré ti rí nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ wa lórí ìwé tí mo fi kọ lẹ́tà. Ọ̀gá Kúpà na fóònù sí mi, ó sì pàṣẹ pé gbogbo ohun tí a bá sọ, kí n túmọ̀ rẹ̀.

"Ìyá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

"Wọ́n ní o ń lọ. Ibo lò ń lọ?"

"N kò lọ síbì kankan, mà. Nǹkan ni mò ń lọ̀."

"Nǹkan wo?"

"Òkúta."

Ìlà fóònù mọ́ gaara lọ́jọ́ yẹn, ìdákẹ́jẹ́ tó tẹ̀ lé e náà sì mọ́ gaara. "Òkúta," ó ní. "O ń lọ òkúta. Kí wọ́n fi ṣe kí ni?"

"Kí wọ́n fi ṣe rédíò, mà."

Mo gbọ́ tó yíjú sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé, "Ó ní òkúta lòun ń lọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe rédíò." Bàbá Kékeré gba fóònù, ó fi èdè Gùn pè mí ní ọmọ rẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń pe aláìsàn: "Vi ṣie, ṣé ara ẹ yá?"

Mo ní ara mi yá. Ìyá mi gba fóònù padà. Ó béèrè ẹni tó ń mójú tó mi níbẹ̀. Mo ní Ọ̀gá Álìfù ni. Ó ní kí n fún un ní fóònù. Bàbá náà gbà á bí ẹni gba ẹja tó ṣì ń jà, mo sì fi etí mi ti tirẹ̀ kí n lè túmọ̀.

"Ẹ ṣé o, bàbá," ìyá mi wí. "Ẹ ò ní fọwọ́ họrí. Ìyàwó yín á bí ìbejì."

"Sọ fún un pé n kò ní ìyàwó," Ọ̀gá Álìfù wí.

Mo sọ ọ́. "Kí ló dé?" ìyá mi béèrè. "Kò burú. Mo ní àbúrò kan ní Ìwòrò tí ọkọ rẹ̀ kú. Ó mọ ọbẹ̀ sè." Ọ̀gá Kúpà ní kí n má fo ìyẹn náà, nítorí náà mo túmọ̀ rẹ̀. Etí Ọ̀gá Álìfù pọ́n.

"Ẹ ti ṣe bàbá fún ọmọ mi," ìyá mi ń bá àdúrà rẹ̀ lọ. "Bí ẹ ò ṣe jẹ́ kí ìyà jẹ ẹ́, ìyà ò ní jẹ yín. Ẹnikẹ́ni ò ní fi ẹ̀bi ẹlẹ́bi lé yín lórí. Ẹ̀yin náà ò sì ní fi ti yín lé ẹlòmíì lórí láé."

Àdúrà tí gbogbo ìyá ń gbà nílé wa ni. Ìyá mi kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ àgbá. Mo túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe wí i, ohùn mi sì ń lọ sílẹ̀ bí mo ti ń sún mọ́ ìparí rẹ̀.

Ọ̀gá Álìfù dúró pẹ̀lú fóònù létí. "Kúpà," ó ní, "èmi ni. Mo ní kí ọmọ yìí máa lọ, pé màá pa á. N kò pa á. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni. Mo fẹ́ kí o tún bọ̀ mí lọ́wọ́."

Inú fóònù ni ohùn ìyá mi ti jáde: "Ṣé ó ṣe àmín? Bi í bóyá ó ṣe àmín."

"Àmín," Ọ̀gá Álìfù wí, wọ́n sì já fóònù.

Ọ̀gá Kúpà lé e lọ sílé pé kó lọ sinmi títí òun yóò fi ránṣẹ́ pè é. Ó jẹ́ kí n máa bá ilé-ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ lọ, ó sì gbé mi lọ sí yàrá ìwọn. Ìyẹ̀fun tuntun ni a dà sínú àgbá. A ó lọ̀ ọ́ díẹ̀, a ó bu ife kan, a ó wọ̀n ọ́, a ó tún lọ̀ ọ́, títí a fi mọ ibi tí ó yẹ kí ọwọ́ dúró. Èmi ló ń ka abẹ́rẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tó gòkè fún mi, mo rẹ́rìn-ín nínú yàrá yẹn bí ẹni tí wọ́n bí ọmọ fún.

Ní ọjọ́ Àìkú, mo se ọbẹ̀ ẹja, mo gbé e lọ sílé Ọ̀gá Álìfù. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yẹn, n kò tíì wọ ilé ẹnikẹ́ni bí àlejò. Ó ṣílẹ̀kùn, ó rí ìkòkò lọ́wọ́ mi, ó bi mí bóyá àbúrò Ìwòrò ló sè é. Mo ní èmi ni. Ó ní kí n ṣáà wọlé.

A jókòó. Ó ní kí n gbàdúrà sí oúnjẹ náà bí ìyá mi ṣe ń gbà á. Mo bẹ̀rẹ̀. Ó ń ṣe àmín níbi tí kò yẹ, mo sì ń dúró dè é. Ọbẹ̀ tutù. Nígbà tó wá fi ṣíbí kan sẹ́nu, ata mú un, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó yọ áńkáṣífù, ó nu ojú, ó tún bu òmíràn. Òjò ń rọ̀ ní ìta. A jẹ ẹ́ tán.

Nígbà tí mo dìde, ó sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Ó ti ilẹ̀kùn náà lẹ́ẹ̀mejì lójú mi, ó fi hàn mí pé kì í wọ inú férémù rẹ̀.

"Kì í tì dáadáa," ó ní. "Ìgbàkúùgbà tó o bá dé, má kàn án. Tì í sínú, kó o wọlé."